Àjànàkú Kọjá "Mo Rí Nǹkan Fìrí": Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Voltron

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kàtúùnù lọ́dọ̀ wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò tíì bí púpọ̀ nínú yín nígbà tí NTA ń fi Voltron hàn, kàtúùnù àwọn kìnnìún irin márùn-ún tó ń para pọ̀ di òmìrán kan. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní agboolé wa, nínú yàrá ìyá alákàrà, àwa ọmọ tí a ń há síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ sì máa ń lé ní ogún. Ariwo wa kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí kìnnìún márùn-ún yẹn bá ti gbéra láti para pọ̀, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Pupa àti aláwọ̀ ewé á di apá, búlúù àti yẹ́lò á di ẹsẹ̀, dúdú á di àyà àti orí, òmìrán irin á sì dìde dúró. Bákan náà ni wọ́n ń ṣe é nígbà gbogbo, a ti mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ dìde lọ mumi.

Mo ti dàgbà, mo ti ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán jẹun, kí n tó rí èyí tí wọ́n tún ṣe. Voltron: The Third Dimension ni wọ́n pè é. Ọdún 1998 ló jáde, apá 26 ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ṣe gbogbo rẹ̀. Mo wá a kiri kí n tó rí i wò. Neil Ross tó ń sọ̀rọ̀ fún Keith, olórí àwọn tó ń wa kìnnìún, láyé àtijọ́ padà wá, Michael Bell tó ń sọ̀rọ̀ fún Lance, ọ̀kan nínú wọn, náà padà wá. Wọ́n tún mú Tim Curry, àgbà òṣèré, wá fún Lotor, ọmọ ọba ìkà yẹn, tí wọ́n ti wá sọ apá kan ara rẹ̀ di ẹ̀rọ. Ohùn tí mo mọ̀ ló ń wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n ojú mi kọ̀, kò gbà pé Voltron ni mo ń wò. Òmìrán náà ń fò, ó ń yí bìrí, ó ń ju idà bí ẹni ń ju igi ìṣáná. Mo wo apá mẹ́rin, mo pa á. Ó dùn mí dọ́kàn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ti ìdálẹ̀ dé tó bá a pé wọ́n ti wó ilé bàbá rẹ̀, wọ́n kọ́ òmíràn síbẹ̀, wọ́n wá kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sára ògiri.

Mo kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà ló bà á jẹ́. Nígbà tó yá, mo ní àyípadà ni, pé ohun àtijọ́ kò yẹ ní fífọwọ́ kàn. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀. Voltron tí àwa fẹ́ràn yẹn gan-an, àtúnṣe ni. Ilé-iṣẹ́ Toei ní Jàpánì ló ṣe é ní 1981, apá 52, GoLion sì ni wọ́n pè é. World Events Productions ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n gé e, wọ́n tún ìtàn rẹ̀ kọ, wọ́n pààrọ̀ orúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 1984. Ẹni tó kọ́kọ́ ń wa kìnnìún búlúù, ó kú nínú ti Jàpánì. Nínú ti Amẹ́ríkà, wọ́n ní ó fara pa ni, wọ́n gbé e lọ fún ìtọ́jú. Àyípadà wo ló tún ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀ kò dín adùn rẹ̀ kù lẹ́nu wa, nítorí wọn ò fọwọ́ kan bí òmìrán náà ṣe ń rìn.

Ọ̀yọ́ ni ojú mi ti là sí i. Oníbàárà kan ní kí n ṣe àwòrán ìṣẹ́jú méjì nípa egúngún apidán, àwọn alárìnjò tí ìtàn wọn bẹ̀rẹ̀ láàfin Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ó fẹ́ kí egúngún wọlé, kó sì di òjòlá níwájú èrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Aṣọ rẹ̀ ń dán, ẹ lè ka ìpẹ́ ejò náà níkọ̀ọ̀kan. Láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, egúngún ti di òjòlá, bẹ́ẹ̀ inú mi ń dùn pé ó yá kánkán. Bàbá àgbà kan láti ìdílé eléégún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o káre. Ṣùgbọ́n ará ọ̀run kì í kánjú." Oníbàárà náà ò gba iṣẹ́ yẹn.

Lóru ọjọ́ náà, mo ṣí Voltron àtijọ́ àti ti 1998 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka fírémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo bá níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Àwa tí a ń ya òmìrán ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹ mú bírò. Ohun tó bá já bọ́ láti mítà 1.8, ìyẹn ìwọ̀n gíga èèyàn, á kanlẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.6. Bí fírémù 24 bá ń lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ju fírémù 15 lọ. Ohun tó bá já bọ́ láti mítà 100 á lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4.5, fírémù 108 nìyẹn. Ilẹ̀ kan náà ló ń fa àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí òmìrán tó ga ní mítà 100 bá ṣubú lulẹ̀ láàárín fírémù 15, ojú á ní ọmọlangidi ló ṣubú, ì báà jẹ́ pé ẹ ya gbogbo nọ́ọ̀tì ara rẹ̀. Ojú ti ń wo nǹkan tó ń já bọ́ láti kékeré, ẹ ò lè tàn án jẹ. Ẹ wá wo ti àtijọ́: wọ́n á gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kí á lè máa wòkè, ẹsẹ̀ á kanlẹ̀, eruku á sọ, ara yòókù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n fún un lákòókò. Bó ṣe wúwo nìyẹn.

Èyí tó kàn wá jù ni ọ̀rọ̀ ìparapọ̀ kìnnìún yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n yà á, tí wọ́n sì ń lò ó lọ́pọ̀ ìgbà? Owó ni ò tó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya kàtúùnù tẹlifíṣọ̀n ní Jàpánì nígbà náà, wọ́n sì máa ń fi àwòrán kan sílẹ̀ fún fírémù mẹ́ta kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, kí àwòrán 8 lè ṣe iṣẹ́ 24. Ohun tí àìlówó bí ni àwa ọmọdé ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ lọ bi ẹni tó ti wo alárìnjò rí. Onídán kì í ṣàdédé pidán. Á júbà, bàtá á yí ohùn padà, àwọn tó ń gbè é á gbé orin tí gbogbo èrò mọ̀, èrò á ti mọ ohun tó ń bọ̀, mímọ̀ yẹn gan-an ni kò sì ní jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú agbo. Èmi ti gé gbogbo ìyẹn dà nù nínú iṣẹ́ mi, mo ní àwọn èèyàn ayé ìsinsìnyí ò ní sùúrù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn pé láptọ́ọ̀pù yín ò lágbára, pé iná ò dúró, pé epo jẹnẹrétọ̀ ti gbówó lórí, mo gbọ́ yín, òótọ́ sì ni. Ẹ ya ibi kan dáadáa, kó jẹ́ ibi tó tọ́, kí ẹ sì lò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ má fi ojú tíntín wo ìyẹn.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú àwọn tó ṣe ti 1998. Netter Digital ni, àwọn kan náà tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ọkọ̀ òfurufú inú Babylon 5, eré tẹlifíṣọ̀n kan, wọ́n sì mọṣẹ́. Ọkọ̀ inú òfurufú ò tẹlẹ̀, kò sí ohun tí ojú máa fi wọ̀n ọ́n, ó lè yára bó ṣe wù ú. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ tó mọ ọkọ̀ ni wọ́n fi ya òmìrán. Ní ti ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ tó le bíi ti ọmọlangidi oníke, agbára kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn ni ò tó.

Pé kọ̀ǹpútà kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ wo Voltron: Legendary Defender tó bẹ̀rẹ̀ lórí Netflix ní 2016. Studio Mir ní Kòríà ló yà á. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya èèyàn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe kìnnìún àti òmìrán, ṣùgbọ́n bí òmìrán yẹn bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n láyà yín. Ìparí ìtàn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Mo tún iṣẹ́ egúngún yẹn ṣe láìsí ẹni tó sanwó fún mi. Ìjúbà nìkan gba ogún ìṣẹ́jú àáyá, ìyípadà gba mọ́kànlá. Aṣọ kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀, ó dúró, ó tún dúró, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Mo fi ránṣẹ́ sí Bàbá lórí WhatsApp ọmọ wọn. Wọ́n ní kí n gbé e wá sílé, àwọn fẹ́ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá.

Kó tó di Sátidé, ẹ lọ sí ẹ̀bá títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin. Ẹ dúró jìnnà sí ojú ọ̀nà o, mi ò fẹ́ gbọ́ ìròyìn burúkú. Ẹ fi fóònù ya tírélà kan tó ru sìmẹ́ńtì bó bá fẹ́ gbéra, kí ẹ sì ya ọ̀kadà kan bó bá fẹ́ gbéra. Ẹ ka iye fírémù láti ìgbà tí orí tírélà náà kọ́kọ́ mì títí di ìgbà tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ka ti ọ̀kadà náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ mú un wá. Ẹ má tíì ṣí Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe kàtúùnù.