Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Láàárín Àwọn Ọlọ́kọ̀ Lightning ní Èkó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun díje lójú omi Èkó, ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ bí a ṣe ń tọ́kọ̀, àwọn kan tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà jókòó kọ́ èèyàn ni bí a ṣe ń jẹ́ ọlọ́kọ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti jẹ́ irú kan náà. Okùn ìgbòkun iwájú ni mo kọ́kọ́ ń dì mú nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, kí èmi àti àwọn méjì kan tó dáwó jọ ra ogbólógbòó ọkọ̀ ìgbòkun Lightning kan. Ìhà méjèèjì ni mo ti wò ó. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ọlọ́kọ̀ nínú irú ẹgbẹ́ yìí ni kí ọkọ̀ tirẹ̀ máa dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kejì sì ni kí ọkọ̀ ẹni tó ń bá a díje máa dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Ìborí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé e ni.

Lightning kì í ṣe ọkọ̀ àná. Olin Stephens, ará Amẹ́ríkà tó ya àwòrán ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìdíje olókìkí, ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1938, ìlú Skaneateles ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n sì ti kan àwọn àkọ́kọ́. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 19, èèyàn mẹ́ta ní í wà nínú rẹ̀ nígbà ìdíje, ìgbòkun mẹ́ta ló sì ń lò: èyí tó tóbi lẹ́yìn òpó, èyí tó kéré níwájú, àti spinnaker, ìgbòkun ràbàtà tí a ń ta nígbà tí atẹ́gùn bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Pákó ni wọ́n fi ń kàn án nígbà náà, ẹni tó bá ra àwòrán rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá lè kàn án sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Nígbà tó yá ni fáíbà rọ́pò pákó. Iye tí wọ́n ti kàn lágbàáyé ti lé ní 15,000, àwòrán kan náà ni gbogbo wọn sì ń tẹ̀lé. Níhìn-ín, Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, Lightning sì wà lára àwọn kíláàsì, ìyẹn irú ọkọ̀ tí gbogbo wọn bára mu, tí wọ́n ń fi díje níbẹ̀.

Èrò tó wà nídìí kíkan ọkọ̀ bákan náà ni pé kí owó má ba eré jẹ́. Bí ẹnì kan bá lè lọ kan ọkọ̀ tó gùn ju ti ẹnikejì lọ, tàbí kí ó ta ìgbòkun tó fẹ̀ jù ú lọ, àpò ni yóò máa bá àpò díje. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ kíláàsì náà ṣe fi òfin de ìrísí ara ọkọ̀, gígùn òpó, fífẹ̀ ìgbòkun àti ìwúwo. Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju nǹkan bíi kílò 318 lọ. Èyí tó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀, òjé ni a ó dè mọ́ ọn títí ìwọ̀n rẹ̀ yóò fi pé.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ máa ń béèrè pé, bó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí ló dé tí àwọn kan fi máa ń ṣíwájú, tí àwọn kan sì máa ń kẹ́yìn? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ ka òfin ìwúwo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó sọ ibi tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ dé. Kò sọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ wúwo dé, nítorí kò sí ẹni tó rò pé ọlọ́kọ̀ yóò mọ̀ọ́mọ̀ di ẹrù ru ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ fáíbà tó ti dàgbà a máa mumi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Fóòmù wà nínú àwọn àpótí tí a dí pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà rì bó bá dojú dé. Nígbà tí a kọ́kọ́ tú ìdérí àpótí tiwa, òórùn omi tó ti pẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí mo sì fi ọwọ́ tẹ fóòmù náà, omi dúdú ń sun jáde láàárín ìka mi. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún wa ti ń gbé omi yẹn kiri èbúté láìmọ̀, ó sì ń di ẹ̀bi ru ìgbòkun. Láti ìgbà náà wá, bí a bá ti wọ́ ọkọ̀ jáde, a máa ń tú gbogbo ìdérí sílẹ̀, a ó yọ ohun tí a fi dí ihò ẹ̀yìn, a ó sì gbé imú ọkọ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ṣàn jáde kí òjò tàbí ọ̀rinrin òru tó tún dé bá a.

Ìdí òpó náà gba àkíyèsí. Wáyà irin ló ń de òpó mú lápá méjèèjì àti níwájú. Píìnì kan tí kò gùn ju oríkèé ìka lọ ló so wáyà kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ọkọ̀, òrùka tín-ín-rín ni kò sì jẹ́ kí píìnì náà yọ. Gbogbo agbára atẹ́gùn tó wà nínú ìgbòkun, orí òrùka yẹn ló dá lé. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sómi, ẹ fi ìka yín tọ́ wọn wò níkọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe fi ojú lásán wò wọ́n, nítorí omi iyọ̀ a máa jẹ irin láti inú wá, ojú yóò sì máa dán lókè. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tépù wé e, kì í ṣe nítorí ẹwà: ẹnu òrùka tó bá là díẹ̀ tó láti fa spinnaker ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ti ìgbòkun fúnra rẹ̀, oòrùn àti lílù ló ń gbó o ju lílò lọ. Ẹni tó ta ìgbòkun rẹ̀ sílẹ̀ létí omi, tó wá ń lù pàà-pàà nígbà tí òun ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lábẹ́ ibòòji, owó rẹ̀ ló ń lù bẹ́ẹ̀.

Omi tí a ti ń díje kì í dúró lójú kan. Nígbà tí omi bá ń sá padà sókun, ọ̀sà wá ń fi tipátipá jáde gba ẹnu tó wà láàárín ògiri òkúta méjì tí wọ́n fi dá ẹnu èbúté sí. Lásìkò òjò, tí odò Ògùn àti Ọ̀ṣun bá kún, ìṣàn náà a máa le sí i. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn òkun sábà máa ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, bí òun àti ìṣàn omi bá sì dojú kọ ara wọn nítòsí ẹnu òkun, ìgbì a máa ga, a sì máa súnmọ́ra. Ọkọ̀ òkun gàgàrà tó gúnlẹ̀ sí Àpápá lè dí atẹ́gùn mọ́ yín lójijì. Èyí tó ń gba ojú ọ̀nà tí omi rẹ̀ jìn wọlé kò lè yà fún yín, òfin ojú omi àgbáyé náà kò sì gba ọkọ̀ kékeré láàyè láti dí i lọ́nà, ìdíje ì báà wà tàbí kò sí. Koríko omi tún wà pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, ṣùgbọ́n èyí tí ń dà wá láàmú kì í ṣe ojú oró tiwa, àlejò tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tó gba ọ̀nà Bàdágìrì wọlé láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni. Bí ọkọ̀ yín bá fà sẹ́yìn láìnídìí, kí ẹni tó wà láàárín gbé pátákó àárín ọkọ̀ tó ń wọ inú omi lábẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ó tún rọ̀ ọ́ padà, koríko tó há sí i yóò já.

Gbogbo ìmọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tí mò ń bá díje ni mo ti rí i gbà. Mo mọ̀ pé ó lè yà yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ibi tí ìṣàn kò ti le pamọ́ fún àwọn yòókù yóò máa borí títí yóò fi sú àwọn yòókù, lọ́jọ́ tó bá sì dá nìkan dé ìlà ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìdíje mọ́. Mo mọ ibì kan tí ọlọ́kọ̀ kan ti ń ra ìgbòkun tuntun lọ́dọọdún, tí àwọn tó kù sì ń fi àlẹ̀mọ́ díje. Kò rú òfin kankan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi tapólì bo ọkọ̀ wọn, wọn kò sì ṣí i mọ́. Èrò tèmi ni pé kí àwọn ọlọ́kọ̀ fẹnu kò láàárín ara wọn lórí iye ìgbòkun tí ẹnì kan lè rà, kí ẹni tó bá sì ra tuntun ta ògbólógbòó rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú fún ẹni tí tirẹ̀ burú jù.

Lórí omi, kò sí adájọ́ tí ń fọn fèrè nínú irú ìdíje tiwa. Òfin sọ pé, bí ọkọ̀ méjì bá pàdé, èyí tí atẹ́gùn ń bá láti apá òsì ni yóò yà fún èyí tí atẹ́gùn ń bá láti apá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá yà bó ṣe yẹ yóò fúnra rẹ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù, yóò yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì máa bá eré lọ. Ẹ tètè yí i. Ẹni tí ẹ bá bá jiyàn lójú omi lónìí ni ẹ máa yá píìnì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.

Ètò máàkì pàápàá fi hàn pé wíwá ṣe pàtàkì ju yíyára lọ. Ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní gba máàkì kan, ẹnikejì gba méjì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ẹni tí kò bá wá, iye gbogbo ọkọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ fún ọ̀wọ́ ìdíje náà ni wọn yóò kọ fún un, wọn yóò sì fi ẹyọ kan lé e. Bí ọkọ̀ 10 bá forúkọ sílẹ̀, tí márùn-ún péré sì jáde lọ́jọ́ kan, ẹni tó kẹ́yìn gbogbo wọn gba máàkì 5, ẹni tó sùn sílé gba 11. Mo ti rí ogbólógbòó ọkọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ nítorí pé kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ní ti àjọni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tí yóò tọ́kọ̀ lọ́jọ́ wo, ẹni tí yóò sanwó tí òpó bá dá. Ó tán.

Bó bá wá di ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ta ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò fi í díje lójú omi yìí kan náà, kódà bí owó rẹ̀ kò bá tó ti ẹni tó fẹ́ gbé e lọ ṣe ọ̀ṣọ́ etí òkun. Ẹ fi ibi tí omi ń gbà wọlé hàn án, ẹ kó àwọn ìgbòkun àtijọ́ fún un, kí ẹ sì fi ìwé ìwọ̀n ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́, nítorí bí ìwé yẹn bá sọnù, ó lè di dandan kí wọ́n tún ọkọ̀ náà wọ̀n láti imú dé ìdí kí ó tó lè wọ ìdíje kíláàsì, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ìkánjú ṣe.