Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ẹni Tó Ń Rà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Ní Ọjà Florence

Bí ẹ bá dé ìlú Florence ní Ítálì, kí ẹ tó wo ọjà, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó ń rà á. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ìlú náà. Mo máa ń ti London lọ kí i, òun ló sì kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀ tí àwọn ìyá àgbà bá dúró sí pẹ̀lú báàgì onítáyà wọn, tí ọlọ́jà mọ orúkọ wọn, tó sì ń béèrè ọmọ-ọmọ wọn, ibẹ̀ ni kí ẹ tò sí. Èyí tó jẹ́ pé àlejò nìkan ló yí i ká, ẹ lè rà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kí ojú yín là.

Ọjà oúnjẹ méjì ló gbajúmọ̀ jù. Mercato Centrale wà ní àdúgbò San Lorenzo, ilé gàgàrà onírin àti gíláàsì tí wọ́n ṣí ní 1874. Giuseppe Mengoni ló yàwòrán rẹ̀, òun náà ló ya Galleria, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Milan. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba ń palẹ̀ ọjà àtijọ́ tó wà láàárín ìlú mọ́. Wọ́n wó o nígbẹ̀yìn, Piazza della Repubblica ló wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ lónìí. Ìsàlẹ̀ Mercato Centrale ni àwọn alápatà, ẹlẹ́ja àti oníwàràkàṣì wà. Òkè rẹ̀, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, ilé oúnjẹ ni, ó sì máa ń ṣí di alẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan sè, ìsàlẹ̀ ni kó lọ, kó sì lọ láàárọ̀, torí bí oòrùn bá ti yẹ àtàrí, wọ́n á ti máa kẹ́rù wọlé.

Àmọ́ bí ẹ bá bi mí, Sant'Ambrogio ni mo fẹ́ràn jù. Mengoni náà ló yàwòrán rẹ̀, 1873 ni wọ́n ṣí i. Ó kéré sí ti San Lorenzo, àwọn onílé ló pọ̀ níbẹ̀ ju àlejò lọ, ìta rẹ̀ ni wọ́n sì ń pàtẹ ẹ̀fọ́ àti èso sí.

Ohun tó máa ń ṣòro fún àwa Yorùbá níbẹ̀ rèé: ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ tẹ tòmátò ọlọ́jà wò. Bí mo ṣe ń nawọ́ báyìí ni àbúrò mi sọ wẹ́lẹ́ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣà á fún yín. Ẹ ṣáà sọ ìgbà tí ẹ máa jẹ ẹ́." Lóòótọ́, bí ẹ bá ní alẹ́ òní ni, èyí tó pọ́n dáadáa ni wọ́n á fún yín, bí ó bá di ọ̀túnla, wọ́n á mú èyí tó ṣì le díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn, "buongiorno", kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Bí èrò bá pọ̀, ẹ béèrè ẹni tó gbẹ̀yìn, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹni yẹn ló kàn yín. Wọn kì í ná oúnjẹ. Ṣùgbọ́n èènì wà! Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan ṣì máa ń ju ewé basil, pásílì tàbí igi sẹ́lẹ́rì kan sínú ọ̀rá oníbàárà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ gba tèmi.

Ẹ ṣọ́ iye tí wọ́n kọ sára wàràkàṣì àti ẹran gbígbẹ. Tí ẹ bá rí "l'etto" lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà, 100 gíráàmù ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ 3 yúrò ti di 30 yúrò ní kílò kan nìyẹn.

Ẹ má sì kúrò láì jẹ lampredotto. Ìkùn kẹrin màlúù ni, wọ́n á sè é títí tó fi rọ̀, wọ́n á gé e sínú búrẹ́dì tí wọ́n ti rì bọ omi ẹran, wọ́n á fi ọbẹ̀ ewé tútù sí i. Ẹni tó bá fẹ́ràn ṣàkì kò ní bèèrè ọ̀nà ilé fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ ló gùn jù. Ní òpópónà tó yí Mercato Centrale ká, báàgì, bẹ́líìtì àti jákẹ́ẹ̀tì aláwọ ló kún àwọn àtẹ. Wọ́n á fi "vera pelle" hàn yín. Ohun tí ìyẹn sọ kò ju pé awọ ni lọ. Kò sọ pé awọ náà dára, kò sì sọ ibi tí wọ́n ti rán an. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e, kí ẹ rí i bóyá awọ ni látòkè délẹ̀ tàbí ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo bó ṣe ń hunjọ. Ẹ fa okùn rẹ̀, ẹ ka ojú ìrán rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe awọ náà; ní Santa Croce sull'Arno, ìlú kékeré kan láàárín Florence àti Pisa, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe awọ wà, ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì dá yín lóhùn láì ronú. Awọ ẹran tí wọ́n fi omi èèpo igi rẹ máa ń pọ́n sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, òun ni mo máa ń fi owó mi rà.

Ẹ lè ná ọjà lórí àwọn àtẹ yìí, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ ra méjì tí owó sì wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì bí ẹni wà ní Gbági. Ọlọ́jà á kàn yíjú sí ẹlòmíì ni. Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ gidi, ẹ lọ sí Scuola del Cuoio, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ awọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni àwọn àlùfáà Franciscan àti ìdílé Gori àti Casini dá a sílẹ̀, ní 1950, láti kọ́ àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí níṣẹ́. Wọn kì í ná ọjà níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ga, ṣùgbọ́n ojú yín ni wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́.

Lábẹ́ òrùlé ọjà Mercato Nuovo, èrò máa ń yí ère ẹlẹ́dẹ̀ igbó onídẹ ká, wọ́n ń fọwọ́ pa imú rẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀ ní àárín. Òkúta róbótó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń bọ́ ṣòkòtò oníṣòwò tó jẹ gbèsè tí kò lè san láyé àtijọ́, wọ́n á sì fi ìdí rẹ̀ lu òkúta náà lójú gbogbo ayé. Tèmi ni pé kí ẹ wo òkúta yẹn, kí ẹ sì kọjá. Báàgì ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti San Lorenzo.

Orí afárá Ponte Vecchio ti jẹ́ ìsọ̀ àwọn alápatà rí, kí Ferdinando I de' Medici, tó ń ṣàkóso Florence nígbà náà, tó lé wọn ní 1593 tó sì fi àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wá òǹtẹ̀ 750 lára rẹ̀, ìyẹn káráàtì 18, kí ẹ sì ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ayédèrú báàgì olórúkọ ńlá tí wọ́n tẹ́ sórí aṣọ nílẹ̀. Òfin Ítálì mú ẹni tó rà á pẹ̀lú, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 7,000 yúrò.

Àwa tí a kò gbé nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìbáà ṣe Nàìjíríà tàbí England, lè gba owó orí ọjà (VAT) padà lórí ohun tó ju 70 yúrò lọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ṣáájú 2024, ó ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Ẹ mú páspọ́ọ̀tù dání, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù níbi tí ẹ ti ń sanwó. Ẹ má fi àpótí yín sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú kí ẹ tó rí àwọn aṣọ́bodè, torí wọ́n lè ní kí ẹ mú ọjà náà jáde kí àwọn rí i.