Ìmúdójúìwọ̀n Tó Kọ̀ Tí Kò Wọlé, àti Ìyẹ̀wù Kékeré Inú Dísíìkì

Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kọ̀ǹpútà mi fi bá ìmúdójúìwọ̀n kan ṣoṣo jìjàkadì láìrí i gbà. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, KB5034441 sì ni nọ́ńbà ìmúdójúìwọ̀n náà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 9, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024. Bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì pé kí ó tún gbìyànjú, yóò gbà á wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, yóò dúró gbọnin, lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe, tí yóò sì fi 0x80070643 parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tó parí, mo ti mọ nọ́ńbà yẹn sórí.

Nọ́ńbà ọ̀hún kò sì la ènìyàn lójú. Tí a bá yí 643 tó gbẹ̀yìn rẹ̀ padà sí irú òǹkà tí gbogbo wa ń lò, 1603 ni yóò fún wa, 1603 sì ni Windows ti ń lò tipẹ́tipẹ́ láti sọ pé ohun tí òun fẹ́ gbé kalẹ̀ kò ṣe é gbé kalẹ̀. Ohun tó fà á kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ó dà bí ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún.

Nítorí náà ni mo ṣe fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí mo ń pa làpálàpá. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo kó gbogbo ohun tó wà nínú SoftwareDistribution, fódà tí Windows ń kó ìmúdójúìwọ̀n tó bá gbà wálẹ̀ sí, dànù, kí Windows lè tún gba fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi àṣẹ sfc /scannow yẹ àwọn fáìlì Windows wò, ó sì dáhùn pé kò sí èyí tó bàjẹ́. Mo tilẹ̀ pa àwọn fídíò àtijọ́ kan rẹ́ kúrò lórí C:, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè tó ṣófo níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lé ní 100 GB. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nísinsìnyí ni pé àìtó àyè gan-an ló fa wàhálà náà, àmọ́ kì í ṣe orí C: ni àyè ti há.

Inú àlàyé tí àwọn tó ṣe Windows kọ nípa ìmúdójúìwọ̀n náà ni mo ti rí òótọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ohun tó yẹ kí kọ̀ǹpútà sọ ni CBS_E_INSUFFICIENT_DISK_SPACE, ìyẹn ni pé àyè kò tó, ṣùgbọ́n nítorí àléébù kan nínú ibi tí àṣìṣe ti ń di ọ̀rọ̀, 0x80070643 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rí dípò rẹ̀. Ká ní mo ti kà á lọ́jọ́ kìn-ín-ní ni, ǹ bá ti sun oorun mi.

Ibi tí àyè ti há ni ìpín tí Windows fi ń gba ara rẹ̀ là. Lẹ́yìn C:, dísíìkì sábà máa ń ní ìpín kékeré kan tí kò ní lẹ́tà, tí kò sì hàn láàárín àwọn fódà wa. Mo máa ń fi í wé ìyẹ̀wù, nítorí àlejò kì í dé ibẹ̀, onílé fúnra rẹ̀ kì í sì í wọ̀ ọ́ àfi tí ọ̀ràn bá le. Inú rẹ̀ ni fáìlì kan tó ń jẹ́ winre.wim wà. Windows kékeré kan tó dá dúró ni fáìlì yìí, òun ló sì ń dìde nígbà tí Windows ńlá kò bá lè tàn mọ́, tí yóò bi wá bóyá kí òun tún un ṣe, kí òun dá a padà sí bó ṣe wà, tàbí kí òun ṣí ojú àṣẹ, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, fún wa.

Kí ni ìmúdójúìwọ̀n wá ń wá lọ sínú ìyẹ̀wù? Wọ́n ti rí i pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè gba inú Windows kékeré yìí kọjá BitLocker, tó ń ti dátà inú dísíìkì pa, kí ó sì ka ohun tó wà níbẹ̀. CVE-2024-20666 ni wọ́n fi sàmì sí àléébù náà. Láti dí ihò yìí, winre.wim tuntun ní láti wọ inú ìpín náà, iṣẹ́ yẹn sì ń fẹ́ àyè 250 MB tó ṣófo. Ìpín tèmi kò ju 529 MB lọ lápapọ̀.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà ni Disk Management, irinṣẹ́ Windows tó ń fi àwọn ìpín dísíìkì hàn. Mo ṣí i, mo rí ìpín 529 MB náà, mo sì rí i kedere níwájú rẹ̀ pé ìdá 100 nínú 100 rẹ̀ ló ṣófo. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á dé kí n máa bá tèmi lọ. Nígbà tó yá ni mo rántí pé ìpín tí kò ní lẹ́tà kì í ṣeé yẹ̀ wò dáadáa níbẹ̀, nítorí náà ni irinṣẹ́ yìí ṣe kà á sí òfìfo. Mo fi diskpart, irinṣẹ́ ojú àṣẹ tí a fi ń pín dísíìkì, fún un ní lẹ́tà R fún ìgbà díẹ̀, mo sì kọ fsutil volume diskfree R: lójú àṣẹ. Àyè tó kù kò pé 90 MB. Mo gba lẹ́tà náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ padà.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo da àwọn fáìlì mi kọ sórí dísíìkì mìíràn, mo sì kọ kọ́kọ́rọ́ BitLocker mi, tí ó ní nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta nínú, sínú ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹni tó bá ń gé dísíìkì láìní ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ níbòmíràn ń fi ọdún púpọ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Mo ṣí ojú àṣẹ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kọ̀ǹpútà, mo sì kọ reagentc /info. Ó dáhùn pé Windows kékeré náà ń ṣiṣẹ́, àti pé orí harddisk0, partition4, ló wà. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Mo wá kọ reagentc /disable, èyí tó ń kó winre.wim kúrò nínú ìyẹ̀wù lọ sórí C:, kí a má baà wó ilé mọ́ ẹrù lórí.

Diskpart ló kù, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mo kọ list disk, mo kọ sel disk 0, mo wá kọ list part. Ìpín mẹ́rin ló jáde: 100 MB tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, 16 MB tí Windows fi pamọ́ fún ara rẹ̀, C: tó gba èyí tó pọ̀ jù, àti 529 MB tí wọ́n kọ Recovery sí lára. Mo kọ sel part 3, mo sì tún list part pè láti rí i pé iwájú C: ni àmì ìràwọ̀ wà, nítorí ìpín tó bá ru ìràwọ̀ ni gbogbo àṣẹ tó tẹ̀lé e yóò bà lé. Mo gé 250 MB lára C: pẹ̀lú shrink desired=250 minimum=250. Mo yan ìpín 4, mo tún wo ìràwọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ delete partition override. Láìsí override yẹn, diskpart kò ní gbà, torí pé wọ́n ti sàmì sí ìpín náà pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ wà láìsí i.

Orí dísíìkì onígbà tuntun, ìyẹn èyí tó ní ìràwọ̀ lábẹ́ Gpt nígbà tí a bá kọ list disk, àṣẹ tó ń dá ìpín tuntun sílẹ̀ ni create partition primary id=de94bba4-06d1-4d40-a16a-bfd50179d6ac. Okùn lẹ́tà gígùn yẹn ló ń jẹ́ kí Windows mọ̀ pé ìyẹ̀wù ìgbàlà nìyí, kì í ṣe ìpín lásán. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá lè dà á kọ, nítorí bí èmi ṣe fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni mo sọ b di d. Mo rí i kí n tó tẹ Enter, àmọ́ àyà mi já. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gpt attributes=0x8000000000000001, tí 8 iwájú rẹ̀ ń dènà kí ìpín náà gba lẹ́tà fúnra rẹ̀, tí 1 ẹ̀yìn sì ń dá àmì ààbò àtẹ̀yìnwá padà. Mo fi format quick fs=ntfs label="Windows RE tools" tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, mo jáde, mo sì kọ reagentc /enable.

Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Ẹ tún reagentc /info pè, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ìpín. Tí ó bá ń tọ́ka sí ìpín C:, winre.wim ṣì wà níbi tí a kó o sí, kò tíì padà wọlé. Tèmi tọ́ka sí partition4, tó ti di 779 MB báyìí. Mo tẹ bọ́tìnì, mo lọ pọn omi wẹ̀, nígbà tí mo sì padà dé, KB5034441 ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Dísíìkì tirẹ̀ kò ní ìràwọ̀ lábẹ́ Gpt, torí náà id=27 ni a ó lò níbẹ̀ dípò okùn gígùn yẹn, kò sì sí gpt attributes. Mo kọ́kọ́ kọ reagentc /info. Windows kékeré kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìpín ìgbàlà kò sì sí lórí dísíìkì rẹ̀ rárá. Ó dà bíi pé ẹni tó bá a gbé Windows kalẹ̀ ti pa á rẹ́. Àwọn tó ṣe Windows sì ti sọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà tí kò bá ní ìpín náà kò nílò ìmúdójúìwọ̀n yìí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kàn lè gbójú fò ó,” ni mo sọ.

“Gbogbo bó ṣe ń pariwo mọ́ mi yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kò ní nǹkan tó fẹ́ tún ṣe níbí.”

Ó pa á dé, ó sì gbé e lọ.