Kí Ohun Àlùmọ́ọ́nì Tó Tán Ni Ìlú Ti Ń Fà Sẹ́yìn: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé, ìbéèrè kan wà tí kò ní í fi yín sílẹ̀ bọ̀rọ̀: kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tí Ọlọ́run fi epo rọ̀bì, fàdákà tàbí dáyámọ́ńdì jíǹkí ṣe ń tòṣì, nígbà tí èyí tí kò ní nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀ ń rí ṣe? Àwọn èèyàn á tètè dáhùn pé olè ló pọ̀ nínú ìjọba. Mi ò sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn kì í jẹ́ ká wo ìdí ọ̀rọ̀, nítorí kò síbi tí olè kò sí. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìwé ìṣirò owó àwọn ìjọba ni pé àárín ọdún tí owó ń ya wọlé gan-an ni ìfàsẹ́yìn ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Spéìn. Ní ọdún 1545 ni wọ́n rí fàdákà ní Potosí, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bòlífíà lónìí, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí Seville, tí ọba ń gba ìdá kan nínú márùn-ún. Síbẹ̀, ní ọdún 1557, 1560, 1575 àti 1596, ọba Felipe Kejì kéde pé òun kò lè san gbèsè bí àdéhùn ṣe wí. Fàdákà tí kò tí ì dé ni ó fi ń ṣe ìdógò láti yá owó ogun lọ́wọ́ àwọn onísòwò owó Genoa àti Augsburg, nítorí náà kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ẹrù inú rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Nínú ìlú, owó pọ̀ ju ọjà lọ, gbogbo nǹkan gbówó lórí, aṣọ tí wọ́n hun lókèèrè sì wá dínwó ju èyí tí wọ́n hun nílé lọ. Ẹ kíyè sí i pé, bí a bá wo gbogbo ọdún wọ̀nyẹn pa pọ̀, fàdákà kò dín kù. Ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Dutch, ìyẹn àwọn ará Netherlands, rí gáàsì ní Groningen ní ọdún 1959 ni àwọn onímọ̀ wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké, tí ìwé ìròyìn The Economist sì pe irú ìfàsẹ́yìn yìí ní “àrùn àwọn Dutch” (Dutch disease) ní ọdún 1977. Nígbà tí àwọn ará òkèèrè bá ń wá owó ìlú kan láti fi ra gáàsì rẹ̀, owó náà yóò lágbára sí i. Ẹni tí ó ń ṣe ẹ̀rọ nílùú náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ ti wọ́n lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ lókèèrè. Yóò dín òṣìṣẹ́ kù, lẹ́yìn náà yóò ti ilẹ̀kùn. Bí gáàsì bá wá dínwó lọ́jọ́ iwájú, ilé iṣẹ́ yẹn kò ní í ṣàdédé ṣí padà, nítorí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ti túká, àwọn oníbàárà sì ti rí ibòmíràn.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni ti owó orí. Ìjọba tí ó ń jẹun lára kànga epo kò nílò kí iṣẹ́ aráàlú gbèrú kó tó rí owó ná, aráàlú tí kò san owó orí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n fi owó ṣe. Fẹnẹsúélà ni epo tí a mọ̀ pé ó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù láyé. Ní ọdún 2003, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì kan, ìjọba lé nǹkan bí 18,000 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo ìjọba, tí àwọn ògbóǹtarìgì pọ̀ nínú wọn, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Epo tí ó wọ́n lẹ́yìn náà bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí àgbá epo kan já wálẹ̀ láti orí ohun tí ó ju 100 dọ́là lọ ní àárín ọdún 2014 sí ohun tí kò tó 30 dọ́là ní oṣù kìíní ọdún 2016, kò sí ohun tí ó kù láti fi bo nǹkan.

Ẹ ó gbọ́ pé kí ìlú ṣáà ti tọ́jú owó pamọ́ ni. Nàúrù tọ́jú owó pamọ́. Erékùṣù yìí, tí kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 21 lọ, gba òmìnira ní ọdún 1968, owó fọ́sífétì tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ sì sọ àwọn ará ibẹ̀ di ara àwọn tí ó lówó jù láyé. Owó ìpamọ́ náà kọ́ ilé alájà 52 sí Melbourne. Ní ọdún 1993, owó erékùṣù náà tún gbé eré orin kan nípa Leonardo da Vinci jáde ní London, tí kò sì pẹ́ tí ó fi kógbá wọlé. (Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́.) Ní ọdún 2004, ilé náà bọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí gbèsè, ní ọdún 2005, àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè gba ọkọ̀ òfuurufú kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn.

Nọ́wè náà tọ́jú owó epo rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Nọ́wè kò yé san owó orí, wọn kò sì yé béèrè. Òkèèrè nìkan ni wọ́n ń fi owó náà dókòwò sí, kí owó ilẹ̀ wọn má baà lágbára jù. Òfin ìnáwó wọn ti ọdún 2001 sọ pé kí ìjọba má máa ná ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ lọ́dún kan, bí a bá pín in dọ́gba. Wọ́n sọ ọ́ di 3 ní ọdún 2017.

Bòtswánà ni mo fẹ́ kí ẹ dojú kọ báyìí. Nígbà tí wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Orapa ní ọdún 1967, orí ilẹ̀ àwọn Bamangwato ni, ìyẹn ìran Ààrẹ Seretse Khama fúnra rẹ̀, síbẹ̀ òfin ọdún yẹn kan náà sọ ohun àlùmọ́ọ́nì di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń tọ́ka sí wọn bí àpẹẹrẹ rere. Ní báyìí, dáyámọ́ńdì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ti já iye ti inú ilẹ̀ wálẹ̀, ọrọ̀ ajé wọn sì sún kì ní ọdún 2024. Ẹ ṣí ètò ìṣúná wọn ti àwọn ọdún wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ́kọ́ ka apá owó tí ń wọlé, kí ẹ wo iye tí ó ń ti ọ̀dọ̀ aráàlú wá, kí ẹ tó ka apá ìnáwó.