Káàdì àjọ mi kún

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ti ń fojú sọ́nà fún wọ ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́ òní.

Náírà 500 lójúmọ́ ni mo fi rà á. Bàbá alájọ máa ń dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wọn á fi bírò fa ojú kan nínú 31 tó wà lórí káàdì. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni tiwọn, 15,000 tó kù jẹ́ tèmi. Oṣù 10 gbáko.

Ọjọ́ kan wà tí òjò rọ̀ ṣúlẹ̀, síìpù kan ṣoṣo ni mo rí pààrọ̀. Gbogbo owó rẹ̀ ni mo kó lé wọn lọ́wọ́, omi lé ròrò sí mi lójú. Wọ́n kàn ní, "Ìyá Ìbejì, a ti fa tòní o." Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi ró ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Igun wọn ti ká, epo ẹ̀rọ ti ta sí ti oṣù kẹta. Mi ò ní sọ wọ́n nù láéláé.

Mo ti fi 500 tọ̀la sábẹ́ agolo bọ́tìnnì.