Ẹkún ìyàwó ló gbé mi dé Tartu

Nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ lọ ka ìwé lórí àlọ́, orin àti òwe ní Estonia, bọ̀dá mi kan ní, "Àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ òṣùpá náà lo tún fẹ́ torí ẹ̀ wọ bàálù?" Akáńtáǹtì ni wọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹkún ìyàwó ló kó mi sínú iṣẹ́ yìí. Nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo lọ gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ lágbègbè Ìsẹ́yìn fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ìyá ń sun ẹkún, àwọn obìnrin tó wà lágbàlá ń dá sí i, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, òmíràn ń fi etí ìró nu ojú. Mo dà á kọ, mo wá àfiwé àti àwítúnwí inú rẹ̀, mo gba máàkì. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn àti omijé yẹn kò sí níbì kankan nínú ohun tí mo kọ, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Adébóyè Babalọlá ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún wa láti 1966 pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá. Bádé Ajùwọ̀n, ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ, gba Yunifásítì Indiana lọ ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹ̀kọ́ àṣà àbáláyé ti ní ẹ̀ka tirẹ̀ gedegbe. Èmi ò rí owó Amẹ́ríkà. Tartu ló gbà mí.

Ìlú kékeré ni Tartu ní Estonia, odò Emajõgi là á kọjá, yunifásítì rẹ̀ sì ti wà láti 1632. Ti òtútù ibẹ̀, ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ á ti máa ṣú kí èèyàn tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán.

Ibi tó gbà mí lọ́kàn jù ni ilé àkójọ orin àti ìtàn àbáláyé tó wà ní òpópónà Vanemuise, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927. Àwọn ará Estonia kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ o, ẹ wá wo ohun tí wọ́n ní! Ní 1888, nígbà tí ọba Rọ́ṣíà ṣì ń ṣe olórí lé wọn lórí, àlùfáà ìjọ kan tó ń jẹ́ Jakob Hurt kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ orin, ìtàn, òwe tàbí àṣà ìbílẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òun. Nǹkan bí 1,400 èèyàn ló dá a lóhùn: tíṣà, àgbẹ̀, ọmọ ilé ìwé. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lé ní 114,000 ojú ìwé. Bí bébà wọn ṣe tóbi sí ni wọ́n fi pín wọn dì: fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́tọ̀, oníwọ̀ntunwọ̀nsì lọ́tọ̀, pélébé lọ́tọ̀. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, torí bí ìyá mi ṣe ń to àwo nìyẹn. Ẹ̀yìn orin ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé lágbájá, ọmọ abúlé báyìí, ló kọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Nílé, a máa ń sọ pé "àwọn àgbà ní", bí ẹni pé àwọn àgbà kò ní orúkọ.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹkún ìyàwó àwọn Seto, ẹ̀yà kékeré kan tó ń gbé létí ẹnubodè Estonia àti Rọ́ṣíà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi gbohùngbohùn sí mi létí, kò sọ ohun tó jẹ́. Obìnrin kan ń na ohùn, ó ń fà á walẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń gbè é. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè yẹn, ṣùgbọ́n mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ọmọ yìí ń kúrò nílé bàbá rẹ̀ ni. Ó yà á lẹ́nu.

Bó ṣe di oṣù Kẹjọ, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Setomaa, ilẹ̀ àwọn Seto, ní gúúsù ìlà-oòrùn, létí ẹnubodè Rọ́ṣíà. Ẹnubodè yẹn gé ilẹ̀ Seto sí méjì. Ìlú Petseri, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn àtijọ́, Rọ́ṣíà ló wà. Ní abúlé Obinitsa, ère obìnrin kan wà létí adágún, Ìyá Orin ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni Anne Vabarna, tí kò mọ̀ ọ́n kọ tí kò mọ̀ ọ́n kà, tó sì fi orin sọ ìtàn Peko ní 1927, nǹkan bí 8,000 ìlà. Kí ẹni tó bá ń pè wọ́n ní púrúǹtù rọra.

Peko yìí ni ọba wọn, òrìṣà irè oko. Wọ́n ní ó ń sùn nínú ihò kan ní Petseri. Nígbà tí kábíyèsí bá ń sùn, ó di dandan kí adelé wà, ìyẹn sì ni wọ́n ń yàn ní Ọjọ́ Ìjọba Seto lọ́dọọdún láti 1994. Kò sí ìwé ìdìbò. Àwọn tó ń dupò á dúró, kálukú á tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Option A4 gan-an! Èmi àlejò kò tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, mo lọ síbi orin.

Àwọn ìyá ń kọ leelo, orin ìbílẹ̀ Seto. Ọ̀kan ń dá a, àwọn yòókù ń gbé e, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì ń gun orí gbogbo wọn lọ. Fàdákà ńlá wà láyà wọn, ṣéènì àti owó fàdákà sì so rọ̀ sára wọn. Bí wọ́n ṣe ń mí ni ó ń ró ṣẹkẹṣẹkẹ. Mo fẹ́ ní kí wọ́n bá mi dì í mú kí ohùn lè mọ́. Mo rántí àgbàlá Ìsẹ́yìn, mo panu mọ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: fàdákà ń ró.

Àfi bí olórí orin ṣe kọjú sí mi tó ń dá orin tuntun. Ọ̀rẹ́ mi ń túmọ̀ rẹ̀: àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn, dúdú bí ilẹ̀ tó dáa fún ọkà. Ọwọ́ mi ti dé àpò kí n tó mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí ni mò ń wá, mo ní owó tí n ó ná fún wọn ni. Nígbà tó sọ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń gba owó. Wọ́n bu handsa fún mi, ọtí ọkà tí wọ́n ń pọn fúnra wọn. Ó ta mí lọ́fun dé ìfun.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ẹkún ìyàwó lọ́wọ́ ìyá tó dàgbà jù. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní a kì í sun ín níbi tí kò sí ìyàwó, ṣùgbọ́n kí n béèrè ohunkóhun tí mo bá fẹ́ nípa rẹ̀. Mo ní ta ló kọ́ wọn.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí. "Àbí yunifásítì lo rò pó kọ́ mi ni?"