Obì Tó Di Àgbọn
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Lánàá ni mo wọ ibi àkójọ ìwé Kúbà ní yunifásítì Miami, níbi tí àwọn ìwé Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ọmọ Kúbà, wà. Wọ́n gba báàgì, wọ́n gba bírò, pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí wọ́n gbé Anagó wá, ìwé rẹ̀ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ Lukumí, ìyẹn Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Kúbà, sí Sípáníìṣì, tó jáde ní 1957.

Sípáníìṣì mi ò kọjá ìkíni o! Àmọ́ mo rí "omí", mo rí "ilé". Mo dé orí "oñí", mo rọra pè é jáde. Àṣé oyin ni! Ẹ̀rín pa mí débi pé ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yíjú wò mí.

Lẹ́yìn náà ni mo rí "obí", coco ni wọ́n pè é. Àgbọn kẹ̀? Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ò rí obì bíi tilé, ni wọ́n bá fi àgbọn rọ́pò rẹ̀ níwájú òrìṣà.

Mo jáde síta, mo pe màmá mi.

"Àgbọn? Awẹ́ mélòó ló ní?"

"Mẹ́rin ni wọ́n ń gé e sí, mà."

Wọ́n ní hẹn-ẹn, ṣé mo ti jẹun.